Ẹni Iwájú Tó Jìn sí Kòtò

Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Òwe náà ṣe ṣókí, ó sì fi apá kan ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa láti rò: kòtò fúnra rẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó jìn sínú rẹ̀ bá panu mọ́, ará ẹ̀yìn á lọ bá a níbẹ̀ ni. Bó bá sì kàn ń ké "Ẹ gbà mí o!" láìsọ ibi tí kòtò wà, àwọn tó ń bọ̀ á máa sá káàkiri, ẹlòmíràn á sì sá bọ́ sínú rẹ̀ gan-an. Bọ́rọ̀ ríra ẹ̀rọ tuntun ṣe rí náà nìyẹn. Ìrírí àwọn tó kọ́kọ́ rà á, tí wọ́n sì ti bá a gbé fún ọdún kan tàbí méjì, ni ẹ̀rí tó yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbára lé, ó ju ìpolówó lọ, ó sì ju orúkọ ńlá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ní bí a ṣe ń jẹ́ ẹ, ó sì ní bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Ìtàn àwọn ẹ̀rọ orin alápò tó ṣáájú fóònù òde òní ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé àsìkò wọn ti kọjá, a sì lè wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní 1998 ni ilé-iṣẹ́ Saehan ti orílẹ̀-èdè Kòríà gbé MPMan jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Rio PMP300 ti ilé-iṣẹ́ Diamond dé ọjà Amẹ́ríkà ní $200. Àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ jẹ́ megabyte 32, orin nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ìyẹn sì lè gbà. Kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí wa ń ki bọ Walkman gba orin wákàtí kan tàbí wákàtí kan àbọ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń rà á. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ra Rio, torí pé nǹkan tuntun ni, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, èèyàn lè máa sáré kí orin má fò. Ní 2000, Creative gbé Nomad Jukebox tirẹ̀ dé, $500, ó ní àwo ìpamọ́ gigabyte 6. Ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà 2001 ni Apple fi iPod àkọ́kọ́ han aráyé: gigabyte 5, $399, wọ́n sì ní bátìrì rẹ̀ á gbé e fún wákàtí mẹ́wàá. Owó gọbọi ni gbogbo rẹ̀ fún ohun tí èèyàn fẹ́ fi gbọ́ orin lásán, èyí ló sì fà á tí àròyé àwọn tó rà wọ́n kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí bátìrì, torí ibẹ̀ lẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Bátìrì olókùúta kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ni Rio ń lò. Bó bá kú, èèyàn á ra òmíràn, á ki í bọ̀ ọ́, orin á máa lọ. iPod kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti bátìrì lithium mọ́nú rẹ̀ pinpin. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin dídán tó ń tàn bí dígí, kò sí ìdè kankan lára rẹ̀, kò sí ihò tí èèyàn lè ki èékánná bọ̀. Ẹwà ni wọ́n fi ìyẹn ṣe, ẹwà náà sì fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n bátìrì lithium kì í wà bákan náà títí. Àlàyé Apple fúnra rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba iná sí bátìrì iPod lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nígbà 400, ó lè ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Ẹni tó ń gba iná sí i lójoojúmọ́ á kó 400 yẹn jọ láàárín ọdún kan àti oṣù kan ó lé díẹ̀, ooru sì máa ń mú kó yá. Nítorí náà, nígbà tó di 2003, àwọn tó ra ti ìbẹ̀rẹ̀ ń rí i pé wákàtí mẹ́wàá ti ń súnkì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní New York, Casey àti Van Neistat, ṣe fíìmù kékeré kan jáde ní oṣù Bélú ọdún yẹn. Casey pe ilé-iṣẹ́ náà nípa bátìrì rẹ̀ tó ti kú, wọ́n sì sọ fún un pé $255 ni àtúnṣe, láìka owó ìfiránṣẹ́, pé á dáa kó kúkú ra tuntun. Àwọn méjèèjì wá ń fi ọ̀dà tẹ ìkìlọ̀ sára bébà ìpolówó iPod kiri ìgboro, pé oṣù 18 péré ni bátìrì tí kò ṣeé pààrọ̀ yìí ń lò. Nínú oṣù kan náà ni Apple bẹ̀rẹ̀ ètò tí èèyàn fi lè pààrọ̀ bátìrì ní $99. Ìkéde yẹn ṣíwájú fíìmù náà, torí náà n kò ní sọ pé fíìmù ló bí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìkùnsínú àwọn oníbàárà ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Àwọn oníbàárà sì para pọ̀ pe ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 2005, ìwé ìrajà $50 àti ìpààrọ̀ bátìrì wà lára ohun tí wọ́n rí gbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sí ẹnì kan tí ì bá dá gbé Apple lọ sílé ẹjọ́ nítorí bátìrì kan.

Ẹnìkan lè sọ pé bátìrì wo ni kì í gbó, pé kí ló dé tí a fi ń pe ìyẹn ní àbùkù. Òótọ́ ni pé gbogbo wọn ń gbó. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé nígbà tí oníbàárà ń ka owó sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ní lè dé bátìrì náà, àti iye tí yóò ná an lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ṣáájú lè ní òun gbà bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ni. Ẹni tí a kò sọ fún ni wọ́n fi ìgbádùn oṣù díẹ̀ gba owó ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò mìíràn tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn ni pé oníbàárà ló ba nǹkan rẹ̀ jẹ́: ó jù ú sílẹ̀, omi kàn án, kò mọ̀ ọ́n lò. Èyí náà ń ṣẹlẹ̀. Àwo inú àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́rún lọ́nà mẹ́rin lé ní ìṣẹ́jú kan, bó bá sì bọ́ lulẹ̀ nígbà tó ń yí, ó lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2008. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn tó ni ẹ̀rọ orin Zune onígigabyte 30, tí Microsoft gbé jáde ní 2006, tan ẹ̀rọ wọn, ó sì dúró gbagidi sójú àmì ilé-iṣẹ́. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹnì kan tó dá nìkan wà nínú yàrá rẹ̀ láàárọ̀ yẹn: ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni, "Kí ni mo fọwọ́ kàn?" Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Aago kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń ka ọjọ́ láti 1980. Kó tó lè mọ ọdún tí a wà, á máa yọ ọjọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò nínú àpapọ̀ náà, 365 fún ọdún lásán, 366 fún ọdún tí oṣù Èrèlé rẹ̀ ní ọjọ́ 29. Àṣẹ tí wọ́n kọ fún un ni pé bí ọjọ́ tó kù bá ti ju 365 lọ, kó má dúró. Bó bá sì jẹ́ ọdún ọlọ́jọ́ 366 ló kàn, kó yọ 366 bí èyí tó kù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. 2008 jẹ́ ọdún ọlọ́jọ́ 366. Nígbà tí ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀ pé, 366 géérégé ló ṣẹ́ kù. Ó ju 365 lọ, ẹ̀rọ kò lè dúró. Kò ju 366 lọ, ẹ̀rọ kò lè yọ. Ó wá ń ka ohun kan náà ní àkàtúnkà títí bátìrì fi tán. Ìmọ̀ràn tí Microsoft fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá, kí wọ́n dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì ní aago Greenwich, kí wọ́n tó tún gba iná sí i. Ẹni tó ra tirẹ̀ lánàá àti ẹni tó ti rà á ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni tó ń fi aṣọ nù ún àti ẹni tó ń jù ú sílẹ̀ kiri, ọjọ́ kan náà ni ẹ̀rọ gbogbo wọn kú. Ìgbà tí àwọn oníbàárà bi ara wọn léèrè ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹnì kankan nínú wọn.

Èyí tó le jù lọ nínú àwọn àtakò, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún, ni ti ẹni tó ní àròyé máa ń ròkè ju ọpẹ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kì í dìde lóru láti kéde rẹ̀. Ó ń gbọ́ orin rẹ̀ ni. Bí a bá ń fi ariwo nìkan díwọ̀n, kò sí ọjà tí a óò rà láyé. Nígbà tí iPod nano jáde ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2005, ariwo sọ pé ojú rẹ̀ ń sán, pé ó sì ń ha. Apple ní èyí tí ojú rẹ̀ sán kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún, ó sì ní òun yóò pààrọ̀ wọn. Ohun tí mo máa ń gba èèyàn níyànjú ni pé kó má ka iye ẹnu tó ń sọ̀rọ̀, kó wò ó bóyá ẹnu wọn kò. Bí ogún èèyàn bá ń ráhùn, tí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ó lè jẹ́ ọwọ́ wọn. Bí èèyàn mẹ́fà tí kò mọra rí bá ní ibi kan náà ló ń bàjẹ́, ní nǹkan bí oṣù kan náà, kí ẹni tó ń bọ̀ fara balẹ̀. Ìwúwo ọ̀rọ̀ náà sì ní ipò tirẹ̀. Nano yìí kan náà ni Apple ní kí àwọn èèyàn dá padà ní oṣù Bélú 2011 kí òun pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé bátìrì inú àwọn tí wọ́n tà láàárín 2005 sí 2006 lè gbóná kọjá àlà. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lè jóni lára kò ní láti wọ́pọ̀ kí a tó kà á sí.

Ọ̀rọ̀ nano yẹn kan àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní London ní 2005 lè ti gba ọwọ́ ẹni méjì kọjá kó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà. Ìkìlọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ọ̀nà ilé ẹni kẹta. Ẹ̀rọ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ìtàn rẹ̀ kì í bá a wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ohunkóhun tó ní bátìrì lithium nínú lónìí, fóònù ni o, aago ọwọ́ ni o, wádìí orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an àti ọdún tó jáde, kó sì wá ẹnì kan tó ti lò ó ju ọdún kan lọ. Kó má bi í pé "Ṣé ó dáa?" torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ra gbàǹjo. Kó bi í pé ìgbà wo ló ti ń gba iná sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pé ta ló tún un ṣe kẹ́yìn, pé èló ló san. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Wọ́n lè bi mí pé bí gbogbo ayé bá ń dúró de ẹlòmíràn, ta ni yóò kọ́kọ́ rà á. Àwọn tó lè pàdánù owó náà kí oúnjẹ má wọ́n wọn nílé ni. Wọn kò tán láyé rí, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ń ṣe fún wa. Owó ilé-ìwé ọmọ kọ́ ni èèyàn fi ń ṣe aṣíwájú.

Àwọn tó ti jìn sí kòtò ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, torí ìtìjú ń pa ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu mọ́. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwọn gọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn ẹni tó bá sọ̀rọ̀: òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà (2018) ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, tó wà lọ́wọ́ àjọ FCCPC, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye, ó sì ní kí ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n tún ṣe tàbí tí wọ́n ti lò rí fi hàn kedere pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀bìtì tí kò bá peku, kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sọ fún ọlọ́jà, tàbí fún aládùúgbò rẹ̀, pé "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ẹ má ra nǹkan wọn mọ́," kò tíì sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè lò. Kó pa ìwé ẹ̀rí ìsanwó mọ́, kó sì sọ ọ́ báyìí: "Oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá ni mo rà á, tuntun, nínú páálí rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ló ń lò tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Ọ̀wàrà, kì í lò ju mẹ́ta lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbóná lápá òsì bí mo bá ń gba iná sí i. N kò jù ú sílẹ̀ rí, omi kò kàn án."