Ojú Mi Ń Là Kedere Lóru Nílùú Oníìlú

Ìbéèrè: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń rán mi lọ sí Singapore àti New York lemọ́lemọ́. Ní Singapore, n kì í rí oorun sùn lóru. Iwájú oníbàárà ni mo ti ń tòògbé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọ̀nà o. Aago Lọ́ńdọ̀nù ni ara yín ṣì ń tẹ̀ lé. Lóṣù Keje, aago 11 alẹ́ ní Singapore, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ta ní ń sùn nígbà yẹn? Bí ìrìn-àjò bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa tètè sùn, kí ẹ sì máa tètè jí. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má sì mu kọfí nírọ̀lẹ́.

Ti New York yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré, ẹ má wulẹ̀ yí oorun yín padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpàdé sí àárọ̀, nígbà tí ojú yín ṣì dá.

Ẹ má dá oògùn oorun lò. Bí àìróorunsùn bá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín lẹ́yìn tí ẹ sọ̀ nínú bàálù, tàbí tí èémí ń ṣòro, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì: ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.