Ìkòkò Mínà láti Ilẹ̀ Ṣáínà, àti Ẹ̀kọ́ Fíkíhù tó wà Nínú Rẹ̀



Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kéú ní orúkọ ohun èlò ilé, mo kọ ṣīniyyah sí ojú pátákó, mo ní àwo pẹrẹsẹ tí a fi ń gbé oúnjẹ ni. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní: “Àáfà, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ orúkọ ilẹ̀ Ṣáínà tí ẹ kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Mo ní òótọ́ lo sọ. Aṣ-Ṣīn ni Lárúbáwá ń pe Ṣáínà, àwo tó ti ibẹ̀ wá sì jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Àwa Yorùbá ń pè é ní tánńganran, àwọn Háúsá náà ń pè é ní tangaran. Wọ́n lu aago kí n tó sọ ìdajì ohun tó wà lẹ́nu mi, ìyókù ni mo gbé wá síhìn-ín.

Àwọn Mùsùlùmí ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ìwé Lárúbáwá kan tí wọ́n kọ ní ọdún 851 lórí ìrìn-àjò àwọn oníṣòwò sọ nípa amọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà tó fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn ń rí omi inú rẹ̀ láti ìta. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mọ̀rọ́kò, náà sọ pé àwo Ṣáínà ń dé ìlú tòun pàápàá ní Màgíríbù.

Kí ni ó mú kí ó yàtọ̀? Amọ̀ funfun kan ni, tí wọ́n ń pè ní kaolin. Orúkọ òkè Gaoling, tí kò jìnnà sí ìlú Jingdezhen, ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ òkúta tí wọ́n ti gún kúnná, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sì sun ún nínú iléru tí ooru rẹ̀ tó 1,300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Àmù tiwa kì í rí irú iná bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń sun jáde lára rẹ̀, tí omi inú rẹ̀ sì ń tutù. Tánńganran kì í fa omi sára. Bí o bá fi èékánná ta á, yóò dún bí agogo.

Mínà ni ọ̀rọ̀ wa gan-an lónìí. Mīnā ni Lárúbáwá ń pè é. Dígí ni wọ́n máa ń lọ̀ lúbúlúbú, tí wọ́n á fi èròjà irin oríṣiríṣi sí kí ó lè ní àwọ̀. Orí ìkòkò tó ti jinná tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á ti fi ya àwòrán, wọ́n á wá dá ìkòkò náà padà sínú iná. Iná kejì yìí kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 700 sí 800 lọ. Bí ó bá le jù, àwòrán á ṣàn. Bí kò bá tó, mínà kò ní í lẹ̀. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí òdòdó róòsì, wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é, wúrà tí wọ́n yọ́ títí tí ojú kò fi lè rí i mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1720 ni àwọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí hàn, ní ìparí ayé ọba Kangxi, ó sì gbilẹ̀ lábẹ́ Yongzheng (1722 sí 1735) àti Qianlong (1735 sí 1796). Fadá ọmọ Faransé kan tó gbé ní Jingdezhen kọ̀wé ní 1712 pé ìkòkò kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ àádọ́rin òṣìṣẹ́ kọjá.

Ẹ má rò pé ọwọ́ Mùsùlùmí kò sí níbẹ̀. Ní ayé ọba Zhengde (1505 sí 1521) wọ́n ṣe ohun èlò tábìlì akọ̀wé tí wọ́n fi àwọ̀ aró kọ Lárúbáwá àti èdè Páṣíà sí. Díẹ̀ nínú wọn wà ní British Museum ní London. Lẹ́yìn náà, àwọn amọ̀kòkò Zhangzhou fi mínà pupa àti ti ewéko kọ àyọkà Kùránì sára àwo ńlá fún àwọn Mùsùlùmí apá Indonéṣíà. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, lẹ́tà ti ya, àmì ti ṣáko, nítorí ẹni tó ń kọ ọ́ kò lè kà á. Èmi tí mo ń fi gègé pupa sàmì síṣẹ́ ọmọ kéú kò rí i bá wí: kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n ta ìkòkò mínà ayé Qianlong kan ní gbàǹjo ní ìwọ̀-oòrùn London. Ilé olóògbé kan ní Pinner ni àwọn ẹbí ti kó o jáde. Ìkòkò náà ní inú méjì, wọ́n gbẹ́ ti òde ní ihò ihò, wọ́n sì ya ẹja sí i. (Ọ̀rọ̀ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ní ọjọ́ tirẹ̀.) Mílíọ̀nù 43 pọ́n-ùn ni òòlù bà lé; pẹ̀lú owó gbàǹjo ó lé ní mílíọ̀nù 51. Ẹni tó dá owó náà kò san án. Ní 2013 ni wọ́n tó tà á fún ẹlòmíràn, àwọn ìwé ìròyìn sì ní kò ju nǹkan bí ìdajì iye àkọ́kọ́ lọ.

Bí ó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí ni ńkọ́? Ìkòkò náà kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ rí i lórí pẹpẹ. Owó ìsìnkú ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ju ìdá mẹ́ta lọ, kí àwọn ajogún tó pín ìyókù, obìnrin pẹ̀lú. A kò lè fọ́ ìkòkò pín. Ẹ̀yin lè tà á kí ẹ pín owó, tàbí kí ẹnì kan mú un, kó sì san ìpín àwọn yòókù fún wọn. Ẹni tó sì dá owó lé ọjà, tí olùtajà ti gbà fún un, ọjà ti so mọ́ ọn lọ́rùn lọ́dọ̀ Màlíkì.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ìdí ìkòkò. Lẹ́tà mẹ́fà tó ń dárúkọ ọba kì í ṣe ẹ̀rí ìdánilójú. Àwọn amọ̀kòkò ayé Kangxi pàápàá kọ orúkọ Chenghua, tó jọba láti 1464 sí 1487, sí ìdí iṣẹ́ tiwọn, nígbà mìíràn láti bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àtijọ́. Ohun tó jẹ́ ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ wọn lè di ẹ̀tàn lẹ́nu olùtajà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun kì í ṣe ti ayé Qianlong gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bákan náà ni ẹni tó fi ọ̀dà bo ojú sísán. Bí ó bá fi pamọ́, olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà.

Ọmọ ilé kéú mi kan tún bi mí pé ṣé wúrà inú mínà kò sọ ọ́ di èèwọ̀. Jíjẹ àti mímu nínú ohun èlò wúrà àti fàdákà ni hádíìsì kọ̀. Lórí èyí tí wọ́n fi wúrà kùn, àti ohun èlò olówó iyebíye tí kì í ṣe wúrà, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú Mukhtaṣar Khalīl. Èmi fara mọ́ àwọn tó gbà á láyè, nítorí wúrà inú mínà kò ṣeé kó jọ mọ́.

Zàká ńkọ́? Kò sí zàká lórí ìkòkò tó jókòó nínú ilé fún ẹwà, bí ó tilẹ̀ tó mílíọ̀nù. Bí ẹni tó jogún rẹ̀ bá tà á, ọjọ́ tí owó náà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ọdún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Màlíkì. Bí ọdún bá pé tí owó náà ṣì tó níṣáàbù, yóò yọ ìdá kan nínú ogójì.