Obì Gbànja àti Àwọn Ẹlẹ́sìn Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Bí a bá ń wá ibi tí àwọn ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi ti pawọ́ pọ̀ lé òṣì jáde, ìpàdé àwọn àlùfáà ìjọ àti àwọn lèmọ́mù ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Èmi fẹ́ kí á lọ sí abẹ́ igi obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Obì kò ju obì lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obì kọ́ ni ọ̀kan. Àbàtà, aláwẹ́ mẹ́rin, ni a fi ń bọ òrìṣà. Òun náà ni a ń rí nínú àwo níbi ìsọmọlórúkọ ní ọ̀pọ̀ ilé, ìbáà ṣe ti Onígbàgbọ́ tàbí ti Ìmàle. Gbànja, aláwẹ́ méjì, kò ní iṣẹ́ níwájú òrìṣà. Láti ìhà Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ni a ti ń fi ọkọ̀ òkun gbé e wá sí Èkó tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí 1912, ọ̀nà ọjà sì là. Àwọn àgbẹ̀ ìhà Agége gbin gbànja, àwọn ará Rẹ́mọ náà gbìn ín, títí Ṣàgámù fi di ọjà obì ńlá. Ẹ kíyè sí i pé igi tí àwọn bàbá wa fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ kì í ṣe fún ẹnu tiwọn. Ẹnu Mùsùlùmí òkè Ọya ni wọ́n gbìn ín fún, àwọn tí ẹ̀sìn ka ọtí léèwọ̀ fún, tí wọ́n ń fi obì ṣe àlejò, tí wọ́n sì ń fi so yìgì.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò kéré. Bí àgbẹ̀ bá ti la èso rẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ló kàn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti dá lu kúrò, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Kòkòrò kan péré lè ba apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ kí ó tó dé Kánò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń rà gbọ́dọ̀ gbára lé ọwọ́ ẹni tí ó ṣà á. Kò sí ẹni tí ń bèèrè ibi tí ọlọ́wọ́ náà ti ń kírun tàbí tí ó ti ń gbàdúrà.

Abner Cohen, nínú ìwé tí ó kọ ní 1969 lórí Sábó Ìbàdàn, fi hàn bí obì ti ń lọ sókè tí màlúù sì ń bọ̀ nísàlẹ̀, tí àwọn baálé Haúsá ń ṣe onídùúró kí alápatà Yorùbá lè gba màlúù láwìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé àdéhùn wọn.

Ṣùgbọ́n irú ìfọkàntán yìí, láàárín oníbàárà sí oníbàárà ni. Kò dé àárín àdúgbò sí àdúgbò. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ Orò dá ìjà sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, láìpẹ́ ẹ̀san sì dé Kánò. Àwọn tí ìjà náà kọ́kọ́ dá oúnjẹ dúró fún ni àwọn tí ń bó obì àti àwọn tí ń rà á. Lójú tèmi, Orò kọ́ ni àléébù náà, Ìsìláàmù kọ́ sì ni. Ohun tí ó ṣe aláìní ni ibi kan tí àwọn olórò àti àwọn ará Sábó lè jókòó sí kí òru tó dé.

Bí a bá dá ọjọ́ Orò, ó yẹ kí akéde dé Sábó kí ó sì kéde rẹ̀ ní èdè Haúsá. Kí ìyálọ́jà àti àwọn àgbà ológbànja sì wà níjòókòó ní ọjọ́ tí a bá ń dá a.