Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Bí Ọmọ Yín Bá Ń Lọ Gba Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Òmíràn tilẹ̀ tún lọ kọ́ ìtọ́jú ọmọdé lọ́tọ̀. Ó kọ ìwé wáṣẹ́. Lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní íńtáfíù. Ẹlòmíràn nínú yín yóò wí pé, "Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, kí ni tèmi níbẹ̀?" Tiyín pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà náà, kí ẹ kà á fúnra yín. Ẹ wá ọjọ́, aago, àti ibi tí wọ́n pè é sí. Lẹ́yìn náà, kí ó kó àwọn ìwé rẹ̀ wá sórí tábìlì: ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àti láísẹ́ǹsì tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà fún un. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ láísẹ́ǹsì yìí dọ̀tun, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ wá fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ Ọláyínká, tí èkejì kọ Ọláínká, wọn yóò bi í pé èwo ni òun. Ẹni tó ti wọlé ọkọ tó sì ti yí orúkọ padà náà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí rẹ̀ dání. Kóòtù ni a ti ń gba ìwé ìbúra fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ íńtáfíù.

Ti aṣọ kò le: kí ó ṣáà mọ́, kí ó sì bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo èékánná rẹ̀. Èékánná gígùn ń kó ìdọ̀tí, ó sì lè ha ọmọ ìkókó lára. Àgbà nọ́ọ̀sì lè wo ọwọ́ yẹn kí ó tó wo ojú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá a fi iṣẹ́ náà sí i lọ́wọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Ó ku ìbéèrè wọn. Wọn yóò bi í pé, "Kí ló dé tí o fi yan ìtọ́jú ọmọdé?" Ọ̀pọ̀ a máa dáhùn pé, "Mo fẹ́ràn ọmọdé." Ta ni kò fẹ́ràn ọmọdé? Ìyá alákàrà ẹ̀bá títì náà fẹ́ràn wọn. Kí ó sọ ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́: ọmọ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, àti bí ó ṣe tù ú; ìyá tó ń sunkún, àti bí ó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ ìkókó kò lè sọ pé, "Ibi báyìí ló ń dùn mí." Ojú ni nọ́ọ̀sì rẹ̀ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà wọn yóò bi í nípa àmì ewu. Ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú mọ́. Ọmọ tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ. Ọmọ tí gìrì mú. Ọmọ tó rọ jọwọrọ tàbí tó dákú: ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin yìí tó láti sáré. Wọn yóò bi í nípa èémí. Nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀, a óò ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60, tàbí ọmọ oṣù 2 sí 11 tó ìgbà 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 4 tó ìgbà 40, èémí náà ti yára jù. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ni, wọ́n lè ní kí ó sọ bí a ṣe ń po omi ORS. Àpò tí wọ́n kọ lítà kan sí lára, inú omi mímọ́ lítà kan ni yóò lọ, kì í ṣe inú ife kan. Oògùn zinc yóò sì tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí sórí.

Ìbéèrè kan tún wà tó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: "Bí dókítà bá kọ oògùn tó pọ̀ jù fún ọmọ kan, kí ni ìwọ yóò ṣe?" Ibí ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa ti máa ń kọsẹ̀. Láti kékeré la ti ń sọ fún wọn pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Ó dára nílé. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, bí nọ́ọ̀sì bá rí àṣìṣe tó sì dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ara ọmọdé kéré. Ìwọ̀n oògùn tí àgbà gbà tí kò ṣe é ní nǹkan lè pa ọmọ. Ìdáhùn tí wọ́n ń wá nìyí: kò ní tíì fún ọmọ náà ní oògùn yẹn. Yóò tún ọmọ wọ̀n, yóò tún ìṣirò ṣe, yóò lọ bá dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un wò, ọmọ náà kò wúwo tó bẹ́ẹ̀." Bí dókítà kò bá gbọ́, yóò sọ fún Sístà tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò sí àrífín kankan nínú èyí.

Bí wọ́n bá sì bi í ní ohun tí kò mọ̀, kí ó má máa méfò. Kí ó ní, "N kò mọ èyí, mà. N óò béèrè kí n tó fọwọ́ kan ọmọ náà." Àwọn tó jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá méfò níwájú tábìlì yóò méfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n lè bi í nípa ìyá tó fún ọmọ ní àgbo fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó gbé e wá. Kí ó má sọ pé òun yóò bá a wí. Kí ó bi í jẹ́jẹ́: àgbo wo ni, ìgbà mélòó, ìgbà wo lo fún un kẹ́yìn? Ìyá tí a bá bú yóò fi òtítọ́ pamọ́, òtítọ́ yẹn sì ni dókítà nílò. Àti fi ọ̀wọ̀ bá ìyá ṣiṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ wa. Láàárín 1956 sí 1961, dókítà ọmọdé kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé, síbẹ̀ wọ́n ń rí i bí ìlà náà bá ń gòkè tàbí bí ó bá ń wálẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà.

Nísinsìnyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín. Ní alẹ́ bíi mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ jókòó bí ẹni pé ẹ̀yin ni ìgbìmọ̀. Kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó wọlé, kí ó kí yín, kí ó dúró títí ẹ ó fi ní kí ó jókòó. Ẹ ka àwọn ìbéèrè inú ẹ̀kọ́ yìí fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bá a dáhùn. Bí ó bá ń wolẹ̀, ẹ ní kí ó gbójú sókè. Bí ó bá sì sọ pé, "Rárá, Màámi, kò rí bẹ́ẹ̀," ẹ má bínú. Ohun tí a fẹ́ kí ó lè ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ fi ìṣirò yìí parí rẹ̀. Ara ọmọ kan gbóná, ó sì wọn kílò 12. Wọ́n ní kí a fún un ní paracetamol, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Nínú ìgò oògùn olómi náà, mílígíráàmù 120 ló wà nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó ni ọmọ yóò mu lẹ́ẹ̀kan? Bí ó bá ní 7.5, ó gbà á. Bí ó bá kọ 75, ẹ fi ìka tọ ibi tí àmì kékeré náà yẹ kí ó wà, kí ó sì tún un ṣe kí ó tó lọ sùn.