Báàgì Kámẹ́rà fún Gbẹ̀rẹ̀fú

Ọmọ mi, mo rí báàgì rẹ lánàá. Ẹrù ìyàwó ni! Ṣé o ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú ni? Ìrìn ọjọ́ kan péré ni. Wàá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì kọjá ọ̀sà, wàá sì fẹsẹ̀ rin nínú iyanrìn títí dé etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ láyé àtijọ́.

Kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì 35mm kan, bátìrì méjì ti tó. Má pààrọ̀ lẹ́ǹsì létí òkun o. Iyanrìn tó wọ inú kámẹ́rà tèmi nígbà kan, owó oṣù mi ló gbé lọ. Mú ọ̀rá tó ṣeé dì pa àti aṣọ rírọ̀ dání, torí iyọ̀ inú atẹ́gùn máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Dúróònù ńkọ́? Gbàṣẹ ìjọba ná.