Àjàní, Sọ Iye Tí A Ta Ilẹ̀ Oko

Àjàní, ọkọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Àkàrà wà nínú abọ́, jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń jẹ ẹ́ ni kí o máa gbọ́ mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé o sọ fún ọkùnrin tó ń díye lé ilẹ̀ yẹn pé, "Iye tí àwọn ará ibẹ̀ ń tà á náà la tà á"? Ṣé èsì ọmọ tó kàwé nìyẹn? Àwọn ará ibo? Èló?

Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé yìí nìyẹn. Agbo ilé wà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, oko wà lọ́nà Àkànrán. Bí a bá ta ilẹ̀ lóko, àárín Mọ́gàjí àtàwọn àgbà díẹ̀ ni iye rẹ̀ ń kú sí. Risíìtì á wọnú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìtẹ̀ka aláwọ̀ búlúù mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀, iye tó wà lára rẹ̀ á sì kéré sí iye tí a kà lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ta ló ń lọ ra èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba láì béèrè iye tí wọ́n tà á lánàá? Iṣẹ́ adíyelé nìyẹn. Kì í ṣe awọnlẹ̀ tó ń ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó jọ tiwa tí wọ́n ti tà ló ń wò, kó tó sọ iye tó yẹ èyí tó kù. Bí gbogbo agbo ilé láti Bẹ́yẹrunkà dé Màpó bá panu mọ́, àfojúbù ló kù tí yóò fi ṣírò. Àfojúbù yẹn náà ni báǹkì yóò gbé yẹ̀ wò bí o bá fẹ́ fi ilẹ̀ yáwó, òun náà la ó fi pín ogún bàbá rẹ. Nígbà náà lo ó wá máa pariwo pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ.

O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ìjọba má gbọ́. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ìjọba kì í san iye ọjà fún ilẹ̀ lásán; ilé, kòkó àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ló ń san owó gbà-má-bínú fún. Kí lo wá ń fi pamọ́? Ní London tí àbúrò rẹ wà, gbangba ni iye tí wọ́n ti ń ta ilé ní England àti Wales láti 1995 wà. Ilé wọn ò wó.

Bí o bá tún máa dá adíyelé yẹn lóhùn, sọ ọ́ kó délẹ̀. Ìgbà wo la tà á? Ṣé pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni, àbí 60 sí 120? Pílọ́ọ̀tì kan laráyé ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ 5,000 ni ìkíní, 7,200 ni ìkejì. Ṣé mọ́tò ń débẹ̀ lásìkò òjò? Ṣé owó ìfọwọ́sí àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀ wà nínú iye yẹn? Àbí ẹbí la tà á fún, tí a fi ojú àánú wò ó? Orúkọ ẹni tó rà á kò kàn án, má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Kí o tó yanu, béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ adíyelé náà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1975 láti máa darí iṣẹ́ àwọn adíyelé. Ẹni tí kò bá ní in, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́la, lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí, gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí o sì mú iye gidi lọ fún ọkùnrin yẹn. Ti inú risíìtì kọ́ o, èyí tí a gbà gan-an ni. Jọ̀ọ́, ọkọ mi, má jẹ́ kí n tún un sọ.