Ààrò Onígarawa

Igi tí ó ń rú èéfín kò tíì jó tán. Èéfín tí ń ta ìyá wa lójú nídìí ààrò, iná tí ó ṣòfò ni. Ní ọdún 1982 ni Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà, wá ojútùú sí èyí: ó gbìmọ̀ ààrò tí ń jó èéfín ara rẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá èbúté Àpápá, ohun tí a ó fi ṣe é kò wọ́n. Ẹ wá garawa òróró kan àti agolo gígùn méjì. Agolo kìn-ín-ní yóò dúró lóòró láàárín garawa: òun ni ọ̀fun iná. Ẹ yọ ìdí èkejì, kí ẹ tì í gba ihò tí ẹ dá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ garawa, kí ó wọ ẹ̀gbẹ́ èkíní: ẹnu ààrò nìyẹn. Ẹ wá da eérú gbígbẹ yí wọn ká. Iyanrìn ńkọ́? Rárá o! Iyanrìn a máa mu ooru. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó há sínú eérú kì í jẹ́ kí ooru sá lọ, ọ̀fun náà a sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín yóò fi jó kí ó tó jáde. Ẹ gbé páànù pẹlẹbẹ sí ẹnu ààrò: igi lókè, afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ fi òkúta kéékèèké mẹ́ta gbé ìkòkò sókè díẹ̀, kí iná lè rí ọ̀nà jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún pákó tí ó bá ọkọ̀ ojú omi dé. Èyí tí ẹ bá rí àmì MB lára rẹ̀, oògùn olóró apakòkòrò ni a ti fín sí i. Kò yẹ fún ìdáná. Ìta gbangba sì ni kí ẹ ti máa lo ààrò yìí, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn ń ti ara iná jáde, ó sì lè pa ẹni tí ó sùn sínú yàrá tí a tì pa.